Ẹ Bi Wá Léèrè: Mọ́tò tó máa gba ọmọ, tó tún máa gba ẹrù ọjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa n'Ílọrin, l'Ọ́fà, l'Ájàṣẹ́, l'Ómù-Àrán àti gbogbo àdúgbò tó yí wọn ká. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àfi bíi pé gbogbo yín jọ pàdé sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé: mọ́tò wo lèèyàn lè rà tó máa kó ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀, tó sì máa kẹ́rù bọ̀ lọ́sàn-án. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni mo dúró lé lórí jù torí òun ló ká mi lára jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tánkẹ̀ là ń gbé, ọmọ mẹ́rin ni mo bí, àgbà pé ọdún 12, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 3. Iṣu àti gààrí ni mò ń tà, Àjàṣẹ́ àti Ìgbàjà ni mo ti máa ń kó o. Corolla ọkọ mi la ń lò, tẹ́rù bá pọ̀ a máa ń yọ síìtì ẹ̀yìn, àwọn ọmọ á wá jókòó sórí àpò gààrí. Ọkọ mi ní ká tà á ká fi ra Toyota Sienna, àbúrò mi ní bọ́ọ̀sì ńlá ló dáa jù. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́, a ò sì fẹ́ ṣì í rà. Ẹ bá mi dá sí i. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Tánkẹ̀, Ìlọrin)

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run á wò wọ́n o. Kí n tó dárúkọ mọ́tò kankan, mo fẹ́ bẹ̀ yín sí nǹkan kan: jíjókòó táwọn ọmọ ń jókòó sórí àpò yẹn, ẹ jẹ́ kó dópin lónìí, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa ra mọ́tò míì. Mi ò fi bú yín o, mo mọ bọ́jọ́ ọjà ṣe máa ń rí, ẹrù wà nílẹ̀, ọmọ wà nílẹ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Èmi náà ti ṣe ohun tó jọ ọ́ rí ni, ohun tójú mi rí ló ń mú mi sọ̀rọ̀.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń bọ̀ láti Ọ̀fà, ọmọ méjì ló wà lẹ́yìn, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa onílítà 25 kan sí búùtù wágùnù tí mò ń wà nígbà yẹn, mi ò so ó mọ́ nǹkan kan, mo ní ṣebí ó wúwo, kò lè rìn. A ti kọjá Ìdófìàn kí ewúrẹ́ kan tó já sójú títì, mo sì tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Mi ò gbá ewúrẹ́ yẹn. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ò mọ̀ pé mọ́tò ti dúró, ó gbéra láti ẹ̀yìn, ó fò kọjá orí síìtì, ó lọ gbá ẹ̀yìn síìtì tèmi níwájú, ìdérí ẹ̀ já, epo pupa da sáṣọ, ó da sírun, ó da sínú báàgì iléèwé. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ba láti mú bàtà ẹ̀ nílẹ̀ ni. Ibi tí orí ẹ̀ wà kó tó tẹ̀ba, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ẹ̀gì yẹn gbà kọjá. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mi ò lè sọ̀rọ̀, mo kàn ń fọwọ́ pa wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tí mọ́tò bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ náà ló jọ ń sá eré yẹn, ọmọ, iṣu, kẹ́ẹ̀gì, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ bá tẹ búréèkì, mọ́tò nìkan lẹ dá dúró. Ẹni tó de bẹ́líìtì á bá a dúró, ẹrù tẹ́ ẹ ò so á máa bá tiẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kí n bá wọn yan mọ́tò ìdílé, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ ń wò, ibi tẹ́rù máa jókòó sí ni, àti ohun tó máa dúró láàárín ẹrù àtọmọ.

Tá a bá fojú yẹn wò ó, ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló bọ́ sí i. Sienna ló máa ṣe yín láǹfààní, àmọ́ kì í ṣe Sienna èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí. Èyí tí wọ́n ṣe láti 2004 wá sókè ni kẹ́ ẹ wá, torí síìtì ẹ̀yìn pátápátá tirẹ̀ máa ń ká wọnú ilẹ̀ ni, ọ̀nà méjì ló sì pín sí, ẹ lè ká apá kan kẹ́ ẹ fi apá kejì sílẹ̀. Ti 1998 sí 2003, ńṣe lèèyàn máa gbé síìtì yẹn jáde kó lọ gbé e pa mọ́ sílé, ẹ́ńjìnnì onílítà 3.0 inú ẹ̀ náà tún lórúkọ burúkú pé ọ́ìlì máa ń di ẹrẹ̀ nínú ẹ̀ tẹ́ni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Nínú ti 2004 lọ sókè yìí náà, ẹ wá onísíìtì 8, ẹ má mú onísíìtì 7, torí èèyàn 3 ló ń jókòó láàárín onísíìtì 8, méjì péré ló ń jókòó síbẹ̀ nínú ti 7. Ẹ wo bó ṣe máa rí lọ́jọ́ ọjà: àbíkẹ́yìn àtàwọn méjì tó tẹ̀ lé e jókòó láàárín, àgbà tó pé 12 jókòó níwájú pẹ̀lú yín, kó de bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ ti síìtì ẹ̀ sẹ́yìn dáadáa kó jìnnà sí dáṣíbọọ̀dù, torí báàgì afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ lágbára. Ẹ wá ká síìtì ẹ̀yìn méjèèjì wọlẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrù nìkan ló ni ibẹ̀. Àpò tó bá wúwo jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé, kó fẹ̀yìn ti síìtì àárín gbágbáágbá, kẹ́ ẹ má to ẹrù kọjá orí síìtì, kẹ́ ẹ sì fi okùn so ó. Iṣu tẹ́ ẹ kó sílẹ̀ láìsí àpò, bí òkúta lásán ló rí tí mọ́tò bá dúró lójijì.

Ti àbíkẹ́yìn, ẹ bá a wá síìtì ọmọdé. Mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà láti ọdún 2003 máa ń ní irin kékeré méjì tó fara pamọ́ sáàárín ìdí síìtì àti ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ ẹ máa kàn án, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi síìtì ọmọdé há sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gun mọ́tò yìí láti ọdún yìí wá tá ò tíì fọwọ́ kan irin yẹn rí.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà sẹ́yìn yẹn náà, ẹ má fojú kékeré wò ó. Níwájú géètì iléèwé láàárọ̀, ọkàdà ń gba ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ ń gba òsì, ọmọ tó bá ṣílẹ̀kùn mọ́tò lásán síta bẹ́ẹ̀, ó lè fi gbá èèyàn. Ilẹ̀kùn Sienna ò jáde síta rárá. Èyí tó bá jẹ́ pé iná ló ń ṣí i, ẹ ṣí i ẹ tì í bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá kẹ́ ẹ tó sanwó, torí wáyà inú ẹ̀ máa ń já, àtúnṣe ẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ní ti ọdún mọ́tò, ẹ má gba ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́. Ti 2004 sí 2006, ẹ́ńjìnnì 3.3 ló wà nínú ẹ̀, bẹ́líìtì táímíìnì ló sì ń lò (kì í ṣe ti síìtì o, rọ́bà tó ń mú kí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì jọ máa yí lásìkò ni), wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti rin 90,000 máìlì, tòkunbọ̀ tó máa dé ọ̀dọ̀ wa sì ti sábà kọjá ibẹ̀. Ti 2007 sí 2010, ẹ́ńjìnnì 3.5 ni, ṣéènì ló ń lò, kò ní bẹ́líìtì yẹn. Torí bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa pe 2005 ní 2007 fún yín. Ẹnì kan tó sún mọ́ mi ra irú ẹ̀, ó fọkàn balẹ̀ pé ṣéènì lòun ní, bẹ́líìtì já mọ́ ọn lọ́wọ́ lálẹ́ lọ́nà Òmù-Àrán pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta nínú mọ́tò. Ẹ dúró níwájú mọ́tò níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ẹ wo nọ́ńbà ṣásí lábẹ́ gíláàsì, lẹ́tà àti òǹkà 17 ló wà níbẹ̀, ẹ kà á dé orí ìkẹwàá. Tí ìkẹwàá bá jẹ́ 5, 2005 ni, 6 ni 2006, 7 ni 2007, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 9, A wá ni 2010, B ni 2011. Ìyẹn kì í parọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá ti fọwọ́ yí i. Ti 3.5 náà ní àìsàn tiẹ̀ o, róbà kan wà lára páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sókè ẹ́ńjìnnì, tó bá gbó ó máa ń bẹ́, ọ́ìlì á sì dà nù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníkì yín wò ó, tó bá jẹ́ róbà ló ṣì wà níbẹ̀ kó bá yín pààrọ̀ ẹ̀ sí onírin.

Ohun kan ṣì kù tí n ò rẹ́ni tó ń bá àwọn oníṣòwò sọ ọ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó mọ́tò, bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù tí mọ́tò lè gbé sí, èèyàn àti ẹrù PAPỌ̀ o. Ká ní 500 kílò ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ jẹ́ ká ṣírò 150. Àwọn ọmọ mẹ́rin, ká ní 120. Ó ku 230. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò, ṣé ẹ rí i, àpò sìmẹ́ńtì 5 ò lè bá ìdílé yín wọ mọ́tò yẹn lọ́jọ́ kan náà, àyè ì báà ṣì wà lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ́tò gáréèjì ń fi sípíríǹgì kún ẹ̀yìn Sienna kó má baà rọ̀ sílẹ̀. Sípíríǹgì á gbé e sókè lóòótọ́, àmọ́ búréèkì ò tìtorí ẹ̀ tóbi sí i, táyà náà ò tóbi sí i.

Ní ti bọ́ọ̀sì ńlá tí àbúrò yín sọ, ó dáa fún ẹni tó ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ̀ ń lọ, ṣé bọ́ọ̀sì yẹn náà lẹ máa máa gbé lọ síléèwé láàárọ̀ márààrún, kẹ́ ẹ máa wá ibi páàkì ẹ̀ sí ní Tánkẹ̀, kẹ́ ẹ máa da epo olówó gọbọi sí i? Ọjọ́ tẹ́rù bá pọ̀ ju Sienna lọ, ẹ háyà mọ́tò ẹlẹ́rù, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lẹ́yìn, kẹ́yin àtàwọn ọmọ máa lọ sílé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kó àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dání lọ síbi tí mọ́tò wà. Kí gbogbo wọn jókòó, kí gbogbo wọn de bẹ́líìtì, ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan jáde kẹ́ ẹ rí i pé ó ń padà. Ẹ gbé àpò gààrí kan náà dání, ẹ gbé e sẹ́yìn. Ẹni tó ń ta mọ́tò lè máa wojú yín, ẹ jẹ́ kó máa wò.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùm. Èmi àtìyàwó mi ń fa ọ̀rọ̀ kan láti oṣù tó kọjá. Ọmọ márùn-ún la ní. Jíìpù Toyota Highlander ni mo fẹ́ rà, ó ní Sienna lòun fẹ́. Mo ní Sienna ti di mọ́tò gáréèjì, tí mo bá gùn ún dé gáréèjì Máràbà àwọn èrò á fẹ́ wọlé. A tún máa ń lọ sílé wa lábúlé, ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa. (Alhaji, Gàá Àkàńbí)

ÈSÌ: Wàálékùmú sàlámù, Alhaji. Ẹ má bínú sí mi, Alhaja ló jàre.

Èèyàn méje lẹ jẹ́. Àwọn Highlander àkọ́kọ́, ti 2001 sí 2007, láti 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi síìtì ìlà kẹta sí i, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ní in, òmíràn nínú wọn jẹ́ onísíìtì 5 lásán. Èyí tó bá tún ní in, ọmọdé ló lè jókòó síbẹ̀ kí orókún ẹ̀ má dun ún, tẹ́ ẹ bá sì ti ṣí síìtì yẹn sókè kí ọmọ jókòó, ohun tó kù lẹ́yìn ò ju kẹ́ ẹ to báàgì díẹ̀ lọ. Ẹ wá lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn Sienna kan, láti ti 2004 wá, ẹ wo kòtò jíjìn tó wà lẹ́yìn síìtì kẹta. Kòtò yẹn ni síìtì ń ká wọ̀, àmọ́ tí síìtì bá wà lókè tọ́mọ jókòó lé e, kòtò di ibi ẹrù, kúlà á wọ̀ ọ́, báàgì aṣọ Iléyá á wọ̀ ọ́, ẹrù á sì rẹlẹ̀ lẹ́yìn síìtì, kò ní fò lu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà abúlé, òótọ́ lẹ sọ. Sienna gùn, ikùn ẹ̀ sì sún mọ́lẹ̀, gálọ́ọ̀pù máa ń ha á nídìí. Àmọ́ ẹ bá mi ka ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ sábúlé lọ́dún kan, kẹ́ ẹ wá ka ọjọ́ táwọn ọmọ ń lọ síléèwé àti ilé kéwú. Ta ló sì ń gbé wọn lọ? Tó bá jẹ́ Alhaja ni, ẹ jẹ́ kó mú ohun tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gba ọ̀nà burúkú yẹn, mi ò ní bá yín jiyàn, ẹ ra Highlander, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò ní sáyè fún ẹrù.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ ta Honda Odyssey fún yín dípò ẹ̀, síìtì òun náà ń ká wọlẹ̀, ó sì dùn ún wà. Ti 1999 sí 2004 nìkan ni kẹ́ ẹ yẹra fún, jíà wọn ló bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún Sienna tí wọ́n kọ AWD sí lẹ́yìn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, kò ní sípíà táyà rárá, oríṣi táyà kan tó máa ń rìn bó tiẹ̀ jò ni wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́. Ẹ má ra ìyẹn tẹ́ ẹ bá máa ń rìnrìn àjò.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí l'Ómù-Àrán, ọmọ méjì, oko mi wà lọ́nà Òkè-Onígbìn. Mo ń wo pikọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan, mo rò pé àwọn ọmọ lè jókòó sẹ́yìn tá a bá ń lọ sóko lọ́jọ́ Sátidé. Kí lẹ rí sí i? (Tíṣà, Òmù-Àrán)

ÈSÌ: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọmọ kì í jókòó sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù o, ì báà ṣe ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kò síbi tí wọ́n máa dì mú, kò sí bẹ́líìtì. Onílẹ̀kùn mẹ́rin lẹ lè rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọn, owó ìyẹn sì lágbára.

Ìwọ̀n ìdílé yín àti owó oṣù, Toyota Matrix ti 2003 sí 2008 ni mo máa mú, ẹ́ńjìnnì 1.8 ni. Ẹ fi Pontiac Vibe kún un, ìkan náà ni wọ́n, Toyota àti iléeṣẹ́ General Motors ló jọ ṣe é, àmọ́ torí pé àwọn èèyàn ò mọ orúkọ ẹ̀, ẹ lè rí i rà ní ẹ̀dínwó, pátì ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ẹ̀yìn síìtì ẹ̀ àti ilẹ̀ búùtù ẹ̀ jẹ́ ike líle, ẹrẹ̀ ẹ̀gẹ́ kì í mu ún, ẹ ó kàn fi omi nù ún ni. Síìtì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ náà ń wó síwájú, kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ lè fi pákó tàbí páìpù gígùn gba ibẹ̀ dé iwájú. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló lè bá yín lọ, lẹ́yìn yín gan-an. Kì í tún jẹ epo púpọ̀, lítà kan lè gbé e tó kìlómítà 11, Sienna ò ju bíi 8 lọ, látìgbà tí owó epo sì ti fò sókè ní 2023, ìyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ owó oṣù. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ọ́ìlì. Àwọn kan nínú ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń jẹ ọ́ìlì, torí náà ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò kẹ́ ẹ tó wà á, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n tẹná mọ́ ọn kẹ́ ẹ wo èéfín ẹ̀.

Bàbá mi náà tíṣà ni, Peugeot 504 wágùnù ló fi tọ́ wa, èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti 1975, tó ní ìlà síìtì mẹ́ta. Mo ṣì rántí òórùn iṣu tútù àti bẹntiróòlù nínú ẹ̀. Tí mọ́tò yẹn bá ṣì wà ní tuntun, òun ni ǹ bá sọ fún yín láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Sienna la ní. Ìyàwó mi fẹ́ ká ṣe kárìà sórí ẹ̀, èmi fẹ́ ká yí i sí CNG, kó máa fi gáàsì rìn dípò bẹntiróòlù. Ẹ sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì. (Ọmọ Ọ̀fà)

ÈSÌ: Ọmọ Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ kú ilé o. Sìlíńdà gáàsì CNG gbọ́dọ̀ jókòó síbì kan, nínú Sienna kòtò ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, tí wọ́n bá ti gbé e síbẹ̀, síìtì kẹta ò ní lè ká mọ́, ibi ẹrù yín náà sì lọ nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n máa gbé e sí gan-an, kí wọ́n fọwọ́ hàn yín. Tí wọ́n bá lè há a sí abẹ́ mọ́tò, ìyẹn ló dáa fún ìdílé.

Kárìà ò burú, àmọ́ ohun tó fúyẹ́ ni tiẹ̀, ẹní, fóòmù, agbọ̀n tó ṣófo. Ẹ má gbé ìrẹsì tàbí sìmẹ́ńtì sórí ẹ̀, ẹrù wúwo lókè á máa fa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo kọ́nà, á sì máa mu epo. Okùn rọ́bà tó ń nà yẹn ò dáa fún un, okùn gidi ni kẹ́ ẹ fi so ó. Tẹ́ ẹ bá gbéra l'Ọ́fà, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ l'Ájàṣẹ́, ẹ fọwọ́ mì í wò, ó máa ń tú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ tún un so kẹ́ ẹ tó kọjú sí Ìlọrin.